Eré Ìkọ̀kọ̀ Kíláàsì Kejì

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìn-ín-ní

Ilé-ìwé wọlé lónìí. Eruku bo bẹ́ńṣì débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i. A ò tíì nù ún tán tí Ọ̀gá fi pè wá sípàdé. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti gbé òfin tuntun jáde: eré ni kí á máa fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Kò sí pé wọ́n tò sórí bẹ́ńṣì mọ́, kò sí "ẹ wí tẹ̀ lé mi" mọ́, kò sí bọ́ọ̀dù. Kíláàsì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò ní sáà yìí, kí wọ́n tó gbé e káàkiri. Kíláàsì wo? Kíláàsì kejì. Tèmi nìyẹn.

Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ tèmi. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin lẹ nírìírí jù nínú wa." Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá yìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹrù ni wọ́n fẹ́ gbé rù ú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìṣẹ́gun, 14

Àbúrò mi pè mí lórí fóònù kí n tó jáde nílé. Ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pe ọmọ wọn obìnrin, nítorí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí nínú kíláàsì mi, kò sì tíì lè ka ìlà kan dópin. Bàbá rẹ̀ ní bí kò bá yege ìwé kíkà ní ìparí sáà yìí, òun á mú un kúrò, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá òun lọ́nà jíjìn, kó lọ máa bá a tọ́jú ilé.

"Ó ní kíláàsì kan náà lọ́dún méjì, ṣé ilé ló ń kọ́ síbẹ̀ ni." Bí àbúrò mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì bú sẹ́kún. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi lọmọ wà. Ọkàn tèmi gan-an ò balẹ̀. Nínú gbogbo sáà tí Ọlọ́run dá, èyí tí ọmọ yìí gbọ́dọ̀ fi mọ̀wé ni wọ́n ní kí n máa fi ṣeré.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ẹni tí ọ́fíìsì rán wá ti dé. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó ṣeé ṣe kó máà tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé àwọn àpò ńlá wá: igi kéékèèké tí wọ́n kùn lóríṣiríṣi ọ̀dà, ìdérí ìgò, okùn, ẹní. Ẹ̀rín ló ń rín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín náà ló sì ń rín lọ sílé. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi.

Ó kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò rí ibi tí mo lè gbà sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń mú ara fu mí. Ó ní kí á yí bọ́ọ̀dù kọjú sí ògiri. Mo bá a gbé e. Bọ́ọ̀dù tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ wá kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà.

Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lòun ó máa wá. Mo bi í pé kí ni yóò máa ṣe bó bá wá. Ó ní, "Màá kàn máa wò yín ni, mà." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ta ló ń gbowó ọ́fíìsì kó lè kàn máa wo èèyàn?

Ọjọ́rú, 22

Wọ́n ń fi ọjà títà ṣeré, ìdérí ìgò lowó wọn. Ariwo náà ti fọ́ mi lórí. Lánàá Ẹlẹ́rìn-ín tọ́ka sí wọn, ó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣéńjì, mà. Ìṣirò nìyẹn." Mo wò ó. Ìjà ni mo rí.

Jẹ́jẹ́ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó to igi tirẹ̀ ní ìlà kan gbọọrọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kọ "igi" sínú eruku ilẹ̀ fún un. Ó wò ó, ó wò mí, ó fẹsẹ̀ rẹ́ ẹ. Ìtìjú ìwé ti wọ ọmọ náà lára.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo ti ṣe é. Bí wọ́n bá mú mi, kí wọ́n mú mi.

Ẹlẹ́rìn-ín kì í wá lọ́jọ́ Ajé. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo kó àwọn síléètì àtijọ́ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Àwa ń kọ́ ìwé níbí láti òní lọ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ń bọ̀, kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí síléètì. Eré là ń ṣe. Ẹ ò mọ nǹkan kan."

Ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, tí àwọn ọmọ ń pè ní Káyín, bi mí, "Ọ̀gá náà ńkọ́, mà?"

"Ọ̀gá náà, àlejò ni."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Bàbá ẹ náà."

Ojú wọn là. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo bá gbé síléètì jáde. Mo fi Káyín sójú fèrèsé pé bó bá rí ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó wúkọ́. A ka a, b, d títí aago fi lù. Ara mi yá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti wọlé. Onílé tí kò bá fura, olè ni yóò kó o.

Ẹtì, 31

Ìjà ta ni yóò ṣọ́ fèrèsé. Mo ní kí wọ́n máa gbà á ní kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kejì

Òjò àìròtẹ́lẹ̀ pa wá ní àárọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ti gbówó lérí. Ilé-ìwé ò fún kíláàsì mi ní ṣọ́ọ̀kì mọ́, wọ́n ní kí ni a fẹ́ fi ṣe. Èmi ra páálí kan, mo fi aṣọ wé e bí ẹni tó ra ohun tí kò dáa.

Àwọn ọmọ ò fẹ́ máa kàwé lórí àga mọ́. Wọ́n ń kó wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n ń fi ẹní bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Mo kígbe mọ́ wọn kí wọ́n jáde síta. Káyín ní, "Mà, bí wọ́n bá yọjú lójú fèrèsé ńkọ́?" Mo jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Wọ́n ní òfin tiwọn tí wọn ò sọ fún mi. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣe é lábẹ́ ibẹ̀, "ó ti jáde, ó ti jáde," tí ẹnì kan á sì máa sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 10

Jẹ́jẹ́ fa aṣọ mi. Ó ní, "Àǹtí, mo ti jí ìlà kan." Mo rò pé ó mú nǹkan oníǹkan ni. Ó mú mi wọ abẹ́ tábìlì, orúnkún mi ń ké, ó sì ka ìlà kan sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Jíjí ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá ka ìlà kan, ó ti jí i nìyẹn.

Mo kí i kú iṣẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbá a mọ́ra nínú òkùnkùn abẹ́ tábìlì. Mo dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Ẹtì, 14

Ẹlẹ́rìn-ín wá lónìí. Ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ta ló sọ fún un?

Wọ́n wúkọ́. Kí n tó dé ìdí ìlẹ̀kùn, síléètì ti wọlẹ̀, igi ti jáde, ọjà ìdérí ìgò ti ń lọ ní pẹrẹwu. Ó wọlé, ó lọ bá Jẹ́jẹ́ tààrà. Nínú gbogbo wọn, Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Kí lẹ ń ṣe, ọmọ dáadáa?"

Ọmọ tí kì í dáhùn bí àlejò bá kí i, ó gbójú sókè, ó ní, "À ń ṣeré ni, mà. A ò mọ nǹkan kan."

Ṣọ́ọ̀kì wà nímú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín fa áńkáṣíìfù yọ, ó nù ún fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kò béèrè. Ẹni tó rí nǹkan tí kò béèrè, ó ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Ó ti fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gbọ́ ohun tó lọ sọ.

Ìṣẹ́gun, 25

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn burú ju kí n gbọ́ lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ó ń wò mí, mo ń wò ó, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Ọ̀gá pe bàbá Jẹ́jẹ́, tó jẹ́ jórinjórin, kó wá jó géètì tó já. Mo gbọ́ ìró irin láti àárọ̀. Nígbà tó fẹ́ sinmi, ó rìn wá sójú fèrèsé wa, dígí iṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú orí. Ọmọ tó ń ṣọ́nà ti wúkọ́. Ohun tó bá ni ọmọ rẹ̀ tó ń fi ìdérí ìgò najà.

Ó pè mí síta. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe láti oṣù kìn-ín-ní nìyí?"

Mo ní, "Ètò tuntun ni."

"Ètò tuntun." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti bó níbi púpọ̀. "Èmi ń jóná kí ọmọ mi lè máa náwó ìdérí ìgò. Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ bá yín jà. Bí sáà bá parí, mo ń gbé ọmọ mi lọ."

Ojú ewé méjì ni ọmọ náà jí lánàá. Ọ̀rọ̀ náà wà létè mi. Bí mo bá sọ ọ́, á sọ ọ́ fún Ọ̀gá kí iná tó kú lára irin rẹ̀. Kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó padà sídìí géètì. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n ti dá ọjọ́: Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Alábẹ̀wò àgbà láti ọ́fíìsì yóò wá fúnra rẹ̀. Kálukú ọmọ yóò ka ojú ewé kan tí kò rí rí, ní ohùn òkè. Ẹni tí kò bá kà á ti kùnà. Àwọn òbí tó bá fẹ́ lè wá gbọ́. Mo mọ ẹni tó máa wá.

Ẹ̀rù ò bà mí. Gbogbo kíláàsì mi ti mọ̀wé. Káyín ti ń ka ìwé kíláàsì kẹta lábẹ́ ibẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń kà á láìdúró. Lọ́jọ́ náà wọ́n á rí i pé ọgbọ́n àtijọ́ ò tíì kú.

Ọjọ́bọ̀, 27

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Alábẹ̀wò wọlé, arúgbó ọkùnrin kan tó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn. Ọ̀gá tẹ̀ lé e, Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ lé Ọ̀gá. Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ sáyà. Arúgbó náà wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ sì sáré fọwọ́ ti nǹkan sábẹ́ ẹní. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀.

Ó pe Káyín. Ó fún un níwèé. Káyín wo ojú ewé náà, ó dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mi ò mọ nǹkan kan, sà. Eré là ń ṣe." Bó ṣe ń kọjá lọ síjókòó, ó ṣẹ́jú sí mi.

Alábẹ̀wò pe ẹlòmíràn. "Mi ò mọ nǹkan kan, sà." Ó pe ẹlòmíràn. Bákan náà. Ojú wọn ń dán, wọ́n ń wò mí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí n lè rí i bí wọ́n ṣe ń gbà mí sílẹ̀. Ọ̀gá ti ń làágùn. Alábẹ̀wò ní, "Kí ni wọ́n ti ń ṣe látọdún?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ó tó. Ẹ kàwé fún wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì pé, "Àǹtí ń dán wa wò."

Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Mo kọjú sí arúgbó náà. Mo ní, "Ẹ dákun, sà. Wọ́n mọ̀wé. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ́ wọn, mo sì ní kí wọ́n fi pamọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí."

Ọ̀gá ní, "Ẹ ní kí lẹ ṣe?"

"Nítorí náà, ẹ ò ṣe ètò ìjọba," ni alábẹ̀wò wí.

"Mi ò ṣe é, sà."

Síbẹ̀ àwọn ọmọ ò gbà mí gbọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n pa ẹnu mọ́. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ó sì ti wọ̀ wọ́n lára ju ìwé lọ. Ojú tì mí.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mo ti rí ohun tí mo wá wò." Ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Jẹ́jẹ́ dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó wá síwájú mi, ó wo ojú mi bó ṣe máa ń wò ó nílé bí mo bá ní oògùn ò korò.

"Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ ọ́ fún wọn?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ṣé ẹ ti jáde nìyẹn?"

Ohun tó ń bi mí ò yé mi. Mo ṣáà fẹ́ kó gba ìwé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jáde."

Ó mi orí bí àgbàlagbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn ún, ó sì na ọwọ́ sí alábẹ̀wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wúyẹ́wúyẹ́. Arúgbó náà tẹ̀ síwájú, ó ní, "Gbóhùn sókè díẹ̀, ọmọ mi." Ó gbé e sókè. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń fi ọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀ tó sọnù da gbogbo ilé rú. Ó bá ìyàwó jà, ó bá ajá jà. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ka ibi tí ọkùnrin náà ti wolẹ̀ tó rí i pé bàtà wà lẹ́sẹ̀ òun, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ni. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde.

Bí ó ṣe kà á tán ni gbogbo wọn nawọ́ sókè. Èmi náà, sà. Èmi náà, sà. Káyín gun àga.

Ẹtì, 28

Ọ̀gá ò pariwo. Ó kàn ní láti sáà tó ń bọ̀, kíláàsì karùn-ún ni kí n máa lọ, níbi tí wọ́n ṣì ń lo bọ́ọ̀dù. Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò di kíláàsì kejì mú. Ọ́fíìsì sì ti kéde pé ètò eré yọrí sí rere. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Mo ká Ẹlẹ́rìn-ín mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "O mọ̀ látọjọ́ yìí, àbí o ò mọ̀?"

"Mo mọ̀ látọjọ́ tí mo nu imú Jẹ́jẹ́, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Mo rò pé eré tí àwọn ọmọ dá sílẹ̀ fúnra wọn ni. Kò sí kíláàsì kankan tí mo ti rí ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun kàwé."

"Kì í ṣe eré. Iṣẹ́ ni mo ń kọ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì fọkàn tán an. Èèyàn ò lè gba kíláàsì mi kí n tún máa fọkàn tán an lọ́jọ́ kan náà.

Àbámẹ́ta, 29

Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ wá kí mi. Ọkùnrin náà mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tí mo wá jó géètì, ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí ti mọ̀wé. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹ."

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó dùn ún, mo rí i. Ó ní, "Ó dáa. Ọmọ ò lọ síbì kankan." Àbúrò mi fi etí ìró nu ojú. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì gbà á, ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́.

Jẹ́jẹ́ ò bá wọn wá. Wọ́n ní ó lóun ń ṣeré.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù kẹrin

Sáà tuntun. Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà kíláàsì kejì ju ọ̀nà karùn-ún lọ, mo sì fi ife mi tí mo gbàgbé síbẹ̀ ṣe àwáwí. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Mo kanlẹ̀kùn. Ìró igi tó ń dà sílẹ̀ ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn àwọn ọmọ tó ń najà.

Jẹ́jẹ́ ló ṣí i díẹ̀, kò ṣí i tán. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"À ń ṣeré ni, mà. A ò mọ nǹkan kan."

"Jẹ́jẹ́, èmi ni."

"Mo mọ̀, mà." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí Ẹlẹ́rìn-ín láti ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní láàárín wọn, òun náà ń fi ìdérí ìgò najà, kò gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ ti jáde. Ẹni tó bá tú àṣírí, kì í padà wọlé mọ́. Òfin ni. Mo bi yín lọ́jọ́ yẹn, mà, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sọ ọ́ ketekete, kì í ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó ní kí n dúró, ó lọ mú ife mi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi láti àlàfo ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo ní mi ò bínú. Ó ti ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ó yí kọ́kọ́rọ́.

Mo gbé etí lé ìlẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sunkún díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo nu ojú, mo sì lọ kọ́ kíláàsì karùn-ún.